Impala Bàbá Mi ní Padova

Ọ̀sán Sátidé ni. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin láti Torino wá sí Padova fún ìpàdé ìjọ wa, mo sì ń gba ojúde ńlá kan kọjá, níbi tí àwọn arúgbó Ítálì ti kó ọkọ̀ àtijọ́ wọn síta fún ìran. Méjì nínú wọn, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá: Impala kan, irú èyí tí bàbá mi ní nígbà tí mo wà ní kékeré, àti Camaro kan tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn rẹ̀. Ẹsẹ̀ mi kọ̀, kò lọ mọ́.

Kí n má purọ́, Camaro yẹn lẹ́wà. Ó pupa, ó sún mọ́lẹ̀, ó na imú síwájú bí ẹni tó ń wá ìjà. Ṣùgbọ́n àga iwájú rẹ̀ méjì ni, ọ̀pá jíà sì là wọ́n láàárín bí ààlà oko. Tọkọtaya tó bá wọ̀ ọ́, kálukú á gbélé ẹ̀ ni. Ti Impala, àga gbọọrọ kan ṣoṣo ló wà níwájú. Bàbá mi á jókòó sósì, ìyá mi sọ́tùn-ún, èmi àbígbẹ̀yìn á há sáàárín wọn títí dé ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá mi á sì kọ́kọ́ ki oríkì mi kí wọ́n tó ṣáná sí ọkọ̀.

Ó ti lé lọ́dún kan báyìí tí mo ti gbọ́ oríkì yẹn kẹ́yìn. Ogbó ti dé, iyè wọn ti ń ra. Bí mo bá pè, "Ìwọ ọmọbìnrin" ni wọ́n ń pè mí. Permesso mi, ìwé ìgbélùú Ítálì, kò tíì jáde, n ò lè lọ sílé, n ò sì lè bi wọ́n pé, "Ṣé ẹ mọ̀ mí?" Wọn ò tọ́ wa bẹ́ẹ̀. Àárò wọn ń pa mí, kò sì sẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún.

Kí n tó ronú, mo ti kúnlẹ̀ kí arúgbó tó ni Impala. Ó fò sọ́dọ̀ mi, ó rò pé mo ṣubú.

"Signora, sta male?" Ó ń bi mí bóyá ara mi ò yá.

"No, no, sto bene. È la macchina di mio padre. Ẹ jọ̀ọ́, può accendere?" Mo ní ara mi le, pé ọkọ̀ bàbá mi nìyí, kó bá mi ṣáná sí i.

Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣáná sí i. Mo ti pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń tọ́jú bàbá mi nílé.

"Àǹtí, wọ́n ti jí o. Mo ti gbé fóònù sí wọn létí."

Mo na fóònù sí ẹ́ńjìnnì tó ń kùn. Ohùn bàbá mi ta sókè.

"Ọkọ̀ mi nìyẹn! Ṣé wọ́n ti pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ̀?"

"Wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀, sà."

Mo ń retí oríkì mi.

"O ṣeun, ìwọ ọmọbìnrin. Mo lọ́mọ kan ní Ítálì." Wọ́n wá ki oríkì mi látòkè délẹ̀, wọn ò fo ọ̀rọ̀ kan. "Tó o bá rí i, sọ fún un pé mò ń retí ẹ̀."

Mo ní, "Màá sọ fún un, sà."