Baba Ti Lo O

Bí o bá bi Mùkáílà léèrè pé fóònù wo ló dára jù láyé, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn. Gíábọ́ọ̀sì mọ́tò tó ń nù lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Owódé Onírin yóò dúró ná, yóò fi àkísà nu epo kúrò ní ìka, yóò sì kó mẹ́ta jáde nínú àpò ṣòkòtò. Ọ̀kan jẹ́ Nókíà oní-Symbian, tí òun ń pè ní síńbíánì. Ọ̀kan jẹ́ oní-Windows, tí àwọn ará ọjà sọ di onífèrèsé. Ẹ̀kẹta jẹ́ BlackBerry, tí bọ́tìnnì ojú rẹ̀ tò bí àgbàdo lára ṣùkù. Síìmù kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń pín lò. Ó lè wà nínú Nókíà láàárọ̀, kí ó wà nínú onífèrèsé lọ́sàn-án, kí ilẹ̀ tó ṣú ó ti tún ṣí lọ. Adìyẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ; bí ọ̀rọ̀ òun àti àwọn fóònù rẹ̀ ṣe rí lọ́dún 2008 nìyẹn.

Jayé ló ń kún un lọ́wọ́. Ilé iṣẹ́ adójútòfò ni Jayé ti ń ṣiṣẹ́, inú Magodo ló sì ń gbé. Gíábọ́ọ̀sì ló wá rà lọ́jọ́ kan tí wọ́n fi di ọ̀rẹ́. Láti ìgbà náà, bí Sátidé bá ti pé, yóò gbé àga síwájú ṣọ́ọ̀bù Mùkáílà, àríyànjiyàn á sì bẹ̀rẹ̀.

"Síńbíánì rọ̀ mọ́ èèyàn lọ́wọ́," Mùkáílà á ní. "Àtàǹpàkò kan ṣoṣo ni mo fi ń darí ẹ̀, bátìrì ẹ̀ sì lè lo ọjọ́ mẹ́ta."

"Síńbíánì ti dàgbà, Múka. Wo screen onífèrèsé yẹn! O lè ṣí Word níbẹ̀, o lè ṣí Excel. Kọ̀ǹpútà gan-an ni, my brother."

"Kọ̀ǹpútà tí mo gbọ́dọ̀ fi igi tín-ín-rín gún lójú kó tó dá mi lóhùn? BlackBerry kúkú sàn, ìméèlì ń wọlé síbẹ̀ fúnra ẹ̀."

"Ta ló ń fi ìméèlì ránṣẹ́ sí ẹ ní Owódé Onírin?"

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Jayé á wá yọ fóònù Treo tirẹ̀, tí ọ̀gá rẹ̀ kan mú ti Amẹ́ríkà bọ̀, á ní kí Mùkáílà wo bí àtẹ̀jíṣẹ́ ṣe tò sínú rẹ̀: ìbéèrè lókè, èsì nísàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ lójú kan náà. Mùkáílà á yínmú sí i.

"Kí ni mo fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Ṣé mi ò mọ ohun tí mo béèrè ni?"

Ẹ gbọ́ o, ọkùnrin tó mọ ohun tó béèrè! Bẹ́ẹ̀ sì ni kò rántí ibi tó fi síìmù rẹ̀ sí lánàá.

Ohun kan wà tí Mùkáílà kì í bá Jayé sọ. Bàbá rẹ̀ wà ní Ìsẹ́yìn, àgbà ahunṣọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò gbé òfì dáadáa mọ́, Fadékẹ́ àbúrò rẹ̀ obìnrin ló sì ń tọ́jú rẹ̀. Wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n àjò Mùkáílà dùn fún ọdún mẹ́ta gbáko. Iléyá dé, ó ní òun ń bọ̀. Iléyá kejì dé, ó tún ní òun ń bọ̀. Nígbà tí Fadékẹ́ pè pé ẹ̀jẹ̀ ríru ti fẹ́ gbé Bàbá dè, ó sáré ra oògùn, ó sì fi rán awakọ̀ Ìsẹ́yìn kan ní gáréèjì Kétu. Òun fúnra rẹ̀ kò lọ. Ó ń dùn ún, kò sì jẹ́ kí ó jókòó jẹ́ẹ́, òun gan-an kò kàn mọ̀ pé ohun tó ń lé òun kiri láti orí fóònù kan dé òmíràn nìyẹn.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ó fi síìmù sínú onífèrèsé. Láti ìrọ̀lẹ́ àná ni síìmù náà ti wà lórí tábìlì, tó ń dúró de ẹni tí yóò gbé e wọ. Bí fóònù ti tàn, àtẹ̀jíṣẹ́ Fadékẹ́ wọlé: "Boda, baba ti lo o. E fokan bale."

Ó kà á lẹ́ẹ̀kan. Bàbá ti lọ o. Ó figbe ta, ó fìdí lélẹ̀ sórí táyà. Aago méje kọjá lálẹ́ àná ni Fadékẹ́ ti fi í ránṣẹ́. Ó pè é, wọ́n ní fóònù náà wà ní pípa. Ó yọ síìmù, ó fi sínú Nókíà, ó pè: pípa. Ó fi sínú BlackBerry, ó tún pè, bíi pé ẹ̀bi àwọn fóònù tirẹ̀ ni.

Àlàájì Rahmon, olórí àwọn oníṣòwò gíábọ́ọ̀sì, gbọ́ igbe rẹ̀, ó sì wá. Mùkáílà ní bàbá òun ti kú.

"Ìnnálílláhì! Ọjọ́ wo?"

"Àná, Àlàájì. Alẹ́ àná."

"Ṣé o mọ̀ pé òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀. Bó o bá fẹ́ rí ojú wọn, gbéra báyìí."

Wọ́n pe Jayé, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó gbé mọ́tò rẹ̀ wá. Wọ́n yà ní ọjà Kétu, Mùkáílà ra yáàdì mẹ́wàá aṣọ funfun, nítorí àkọ́bí ni, kò sì yẹ kí aṣọ ìkẹyìn bàbá rẹ̀ ti ọwọ́ ẹlòmíràn wá. Láti Kétu dé Ìbàdàn, láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́, kò dákẹ́ yíyọ síìmù. Fóònù yìí, fóònù yẹn. Ti Fadékẹ́ ṣì wà ní pípa. Ó ń wo aago, ó ń bẹ Jayé kó tẹná sí i, ó sì ń bú ara rẹ̀ sókè ketekete. Ojú bàbá rẹ̀ ń sá lọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó rántí ohùn, ṣùgbọ́n kò rántí bóyá irùngbọ̀n Bàbá ti funfun tán nígbà tó rí i kẹ́yìn.

Nígbà tí wọ́n fi máa dé àgbàlá wọn ní Ìsẹ́yìn, ìrun Alásárì kù díẹ̀. Ìta dá. Wọn kò gbé àga síta, èèyàn kankan kò sì jókòó níbẹ̀. "Wọ́n ti sin wọ́n," Mùkáílà wí. Ó bọ́ sílẹ̀ tòun ti aṣọ funfun lábíyá, ó sì fi igbe ta.

Bàbá rẹ̀ yọ láti ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú bùútà omi àlùwàlá lọ́wọ́.

"Mùkáílà? Ta ló kú?"

Fadékẹ́ sáré jáde, ọwọ́ rẹ̀ kún fún ẹ̀lùbọ́.

"Bọ̀dá mi, kí ló dé?"

"Ṣebí ìwọ lo kọ̀wé pé Bàbá ti lọ!"

"Èmi? Ẹ̀yin lẹ bi mí bóyá Bàbá ti lo oògùn, mo ní Bàbá ti lò ó! Lò ó! Pé kí ẹ fọkàn balẹ̀! Iná ò sí láti àná ni fóònù mi fi kú."

Jayé gba Nókíà, ó wo inú àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n ti fi ránṣẹ́. Ìbéèrè náà wà níbẹ̀ láti ọjọ́ Ajé: "Se baba ti lo ogun yen?" Ó ya ẹnu láti sọ̀rọ̀ Treo, ó wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì pa ẹnu dé.

Mùkáílà dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Aṣọ funfun ti bọ́ lábíyá rẹ̀. Bàbá gbé bùútà kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì mú etí aṣọ náà. Ó fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ra á bí ahunṣọ ti ń ṣe.

"Yáàdì mélòó nìyí?"

"Mẹ́wàá ni, Bàbá. Ẹ dárí jì mí."

"Òwú ẹ̀ dára. Èmi tí mo wà láàyè, oògùn lo fi rán awakọ̀ sí mi." Ó rọra ká aṣọ náà, ó gbé e lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. "Ká ní mo mọ̀ pé ikú ló máa mú ọ wálé ni, Mùkáílà, ǹ bá ti kú tipẹ́."