Àwọn Àlejò Inú Oko Ẹ̀gẹ́

Mo rántí ìgbà tí àpáta ilẹ̀ Ẹ̀gbá kò funfun mọ́. Ẹni tí kò bá gbé Abẹ́òkúta láyé ìjọba alágbádá lè má mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà yẹn, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé, kò sí àpáta tó tẹ́jú, láti ìgboro títí dé ọ̀nà Kọ́bapẹ́, tí wọn kì í sá láfún sí. Òórùn rẹ̀ kíkan á gba gbogbo afẹ́fẹ́, ewúrẹ́ á máa yọ́ rìn lọ síbẹ̀, àwọn ìyá á sì máa jù wọ́n lókò. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, àpáta dúdú lásán ló kù, nítorí ẹ̀gẹ́ ń kú lóko.

Kòkòrò kan ló dé. Ó funfun bí ẹni pé wọ́n bu ìyẹ̀fun lé e lórí. Á kó jọ sí ọ̀mùnú ẹ̀gẹ́, á fa omi ibẹ̀ mu, ewé á ká jọ bí ìkúùkù, igi á sì gbẹ. Àwọn àgbà ní àwọn kò rí irú rẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti dáyé. Àwọn kan tilẹ̀ ní ìrẹsì òkèèrè tí ìjọba ń kó wọlé ló bá wá.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé nígbà náà, mo sì gba iṣẹ́ sí ọ́fíìsì ọ̀gbìn. Bàbá mi, Alhájì tó ń ta aṣọ, fẹ́ kí n wá jókòó sí ìsọ̀ òun bíi ti àwọn ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tó gbọ́ pé kòkòrò ni a ó máa gbé kiri abúlé, ó dá tẹ̀sùbáà ọwọ́ rẹ̀ dúró, ó ní, “Mo rán ọ nílé-ìwé kí o lè dènìyàn, o wá lọ di darandaran kòkòrò.” Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kòkòrò náà ti gba ọkàn mi. Ọ̀gá mi, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í tètè bínú, ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ó ní àwọn onímọ̀ ti lọ sí òkè òkun, níbi tí ẹ̀gẹ́ ti wá sọ́dọ̀ wa láyé àtijọ́. Wọ́n bá kòkòrò funfun yìí níbẹ̀, àmọ́ kò rí oko kankan pa, torí pé ọ̀tá rẹ̀ ń bá a gbé. Ọ̀tá ọ̀hún ni agbọ́n kan tí kò tó hóró yánmọtí. Á yé ẹyin sínú kòkòrò funfun, ọmọ rẹ̀ á jẹ ẹ́ láti inú títí yóò fi ku èèpo, á lu èèpo náà, á sì fò lọ. Àwọn àgbà wa ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Pé kòkòrò míì tún lè wà lára kòkòrò, ìyẹn ni n kò gbọ́ rí. Mo ń sọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí etí rẹ̀ ti kún.

Abúlé kan lẹ́yìn Kọ́bapẹ́ ni wọ́n ní kí a kọ́kọ́ gbé e lọ. Èmi ni ọ̀gá ní kí n bá wọn sọ̀rọ̀, nítorí pé ọmọ Ẹ̀gbá ni mí. Mo wọ ṣòkòtò péńpé kakí tí mo lọ̀ títí ó fi le gbagidi, mo dúró lábẹ́ igi oṣè, mo ní, “Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, a fẹ́ tú agbọ́n sí oko yín.” Olórí àgbẹ̀ wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, “Ọmọ mi, kòkòrò kan ti jẹ wá lóko, ẹ tún wá gbé èyí tó máa ta wá lójú wá?” Wọ́n dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbọn aṣọ wọn. Bí mo ṣe fi ẹnu ara mi tú ìpàdé ká nìyẹn.

Ìyá àgbà kan ṣoṣo ló kù tó jókòó. Opó ni, ó ń bọ Òrìṣà Oko bí àwọn ìyá rẹ̀ ti bọ ọ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ alátẹ Abẹ́òkúta ti ń ra láfún. Ìyá Oníláfún ni gbogbo ayé ń pè é. Oko kan ṣoṣo ló kù ú kù. Ọmọ rẹ̀ tó ń ṣe mẹkáníìkì l'Ékòó sì ti ránṣẹ́ pé bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, òun á wá mú un lọ. “Bí ẹ̀gẹ́ yìí bá kú,” ni ó wí, “mo di ará Èkó nìyẹn. Yàrá kan, ìlẹ̀kùn kọjú sí ìlẹ̀kùn. Níbo ni n ó ti máa rí ilẹ̀ tẹ̀?” Ó ní kí a wá tú agbọ́n wa sí oko òun.

Inú ìgò kékeré tí a fi òwú dí lẹ́nu ni wọ́n wà. Nígbà tí ọ̀gá fa òwú yọ, n kò tilẹ̀ rí i kí wọ́n fò, àfi nǹkan dúdú tó ń rákò létí ìgò. Ìyá tẹ orúnkún rẹ̀ ba, ó ní, “Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ kú ìrìn, ọ̀nà jìn.” Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ojú ọ̀gá ni kò jẹ́ kí n rín in. Ó kìlọ̀ fún ìyá pé kò gbọdọ̀ sí oògùn apakòkòrò nínú oko náà, kò sì gbọdọ̀ sí iná, torí pé agbọ́n ni yóò kọ́kọ́ kú. A ri pátákó kan tí a fi ọ̀dà pupa kọ ìkìlọ̀ náà sí lédè òyìnbó mọ́ ẹnu ọ̀nà oko, a sì padà sílé tayọ̀tayọ̀. Nínú abúlé yẹn, kò sí ẹni tó lè kà á. Ọgbọ́n ọ́fíìsì nìyẹn.

Àánú ni ó fẹ́ ba iṣẹ́ wa jẹ́. Àwọn ará abúlé rí i pé oko opó kún fún kòkòrò, wọ́n sì sọ pé a kì í rí i kí ilé ẹnìkejì ẹni máa jó, kí a káwọ́ gbera. Wọ́n dá ọ̀wẹ̀. Wọ́n fẹ́ wá bá a fín oògùn, kí wọ́n gé gbogbo ọ̀mùnú, kí wọ́n sì jó o, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá bẹ̀ wọ́n, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ pé kó má tijú, ọmọ rẹ̀ ni àwọn. Nígbà tó rí i pé ẹnu òun kò ká wọn, kò jà. Ó ta màrìwò yí oko ká, ó so ìkarahun ìgbín àti ṣùkù àgbàdo mọ́ ọn. Ó pa ààlè sí oko ara rẹ̀.

Ní ọjọ́ ọ̀wẹ̀, gbogbo wọn ru àdá wọn dé ibẹ̀, wọ́n wo màrìwò, wọ́n sì yí padà lọ mu ẹ̀kọ nílé.

Nígbà tí àwa náà, èmi àti ọ̀gá, padà wá wo agbọ́n wa, dírẹ́bà kò sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Ó ní iṣẹ́ ìjọba kò dé ibi ààlè. Mo fi í rẹ́rìn-ín, mo ní ọmọ mùsùlùmí tó kàwé ni mí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí lọ. Nígbà tí mo dé ìdí màrìwò, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Ibẹ̀ ni mo dúró sí, mo ń ṣe bí ẹni ń wo ewé, títí Ìyá Oníláfún fi wá dì mí lọ́wọ́ mú bí ọmọ jélé-ó-sinmi. Ó ní, “Máa bọ̀. Ẹni tó mú àlejò wá kò lè jẹ́ olè.”

Ìyá yìí máa ń bèèrè ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ yẹn ó bi mí pé, “Bí agbọ́n yín bá jẹ kòkòrò funfun tán, kí ni wọ́n máa wá jẹ? Ṣé kì í ṣe ẹ̀gẹ́ mi?” Mo wo ọ̀gá. Ọ̀gá ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá, nítorí pé ìbéèrè tí àwọn onímọ̀ fúnra wọn kọ́kọ́ bèèrè nìyẹn. Ó ní agbọ́n kò mọ oúnjẹ míì. Bí kòkòrò bá dín, agbọ́n náà á dín, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó máa tán pátápátá. Ìyá Oníláfún mi orí. Ó ní, “Bíi ológbò àti eku ilé.”

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ọmọ rẹ̀ sì dé láti Èkó pẹ̀lú mọ́tò àyálò. Ọjọ́ náà bọ́ sí ọjọ́ ìbẹ̀wò wa. Ó ti di ẹrù ìyá rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Èmi, ìyá àti ọmọ rẹ̀ jọ rìn lọ sóko, ẹ̀rù sì ń bà mí, torí pé láti òkèèrè, ewé ṣì ká jọ síbẹ̀. Ọmọ náà ní, “Ìyá mi, ẹ rí i fúnra yín. Ẹ jẹ́ ká máa lọ kílẹ̀ tó ṣú.” Ó káàánú ìyá rẹ̀, ó hàn lójú rẹ̀. Mo yọ awò tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, mo ṣí ewé kan wò. Èèpo kòkòrò ló kún ibẹ̀, ó gbẹ, ó sì ní ihò rógódó lẹ́yìn. Mo ṣí òmíràn, bákan náà ni. Mo gbé awò fún ìyá.

Ó wò ó pẹ́. Ó gbé e fún ọmọ rẹ̀, òun náà wò ó. Lẹ́yìn náà ló ní, “Ọmọ mi, ìwọ máa lọ. Àwọn àlejò mi ti bímọ. Ta ní í fi ilé sílẹ̀ nígbà tí ọlọ́mọ tuntun wà nílé?” Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín, ó sì lọ tú ẹrù.

Ẹ̀gẹ́ yẹn rúwé padà. Igi oko rẹ̀ ni Ìyá Oníláfún ní kí gbogbo abúlé wá gé gbìn, agbọ́n sì bá igi lọ. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn tún dé, àpáta funfun. Àwọn kan ní òjò ló ṣe é, àwọn kan ní ààlè ni, èmi sì ń jà fitafita pé agbọ́n ni. Ìyá ní kí n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sinmi, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Orí ilẹ̀ tó mọ̀ náà ló kú sí, ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Láìpẹ́ yìí, mo gba ọ̀nà Kọ́bapẹ́ kọjá, mo sì yà síbẹ̀. Màrìwò ṣì yí oko náà ká, ó tutù, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ta á ni. Mo bi ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ro oko náà pé kí ló fà á. Kò mọ̀ mí rí. Ó ní, “Ìyá àgbà ló ní kí a má ṣe fín oògùn sí oko yìí láéláé, sà. Wọ́n ní àlejò ń gbé níbẹ̀.” Mo bèèrè pé ṣé ó ti rí àlejò náà rí. Ó ní rárá.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé fún un, àbí? Mo sì ṣàlàyé, nígbà tó yá. Ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ tọrọ ààyè lọ́wọ́ rẹ̀, mo wọlé, mo ṣí ọ̀mùnú kan. Ojú mi kò ríran bíi tàtijọ́ mọ́, ó pẹ́ kí n tó rí i: ẹyọ kan, dúdú, ó ń rìn kiri lórí ewé bí ẹni tí ilẹ̀ jẹ́ tirẹ̀. Mo tẹ orúnkún mi tó ti ń dùn mí ba, mo ní, “Ẹ kúulé o.”