Èmi Nìkan Lójú Ọ̀nà Kìṣí

Ọyẹ́ ọdún náà mú débi pé ètè gbogbo wa ló là ní Ìbà, màmá mi sì ti wà lórí ìdùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá ọ̀tún wọn, ẹnu wọn sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tó ń já gaara lẹ́nu wọn: "Ẹ bá mi pe ẹ̀gbọ́n mi."

Ìyá Kìṣí ni à ń pe ẹ̀gbọ́n tí wọ́n ń wí yìí nínú ilé wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹnì kankan nínú àwa ọmọ tó fojú kàn wọ́n rí. Nígbà tí ìyá àgbà tó bí àwọn méjèèjì kú ní Kìṣí, màmá mi kò lọ síbi ìsìnkú. Èmi ni kò jẹ́ kí wọ́n lọ. Ọjọ́ tí ìyá àgbà kú gan-an ni màmá mi ń rọbí mi lọ́wọ́ ní Okokomaiko. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ikú náà, wọ́n ránṣẹ́ sí Kìṣí pé àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, iṣẹ́ náà kò dé. Nígbà tó di ọdún kejì, wọ́n pọ̀n mí lọ sí Kìṣí láti lọ ṣàlàyé, ẹ̀gbọ́n wọn sì tilẹ̀kùn mọ́ wọn títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Màmá mi náà kì í ṣe ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì. Bí ọdún mọ́kàndínlógójì ṣe gorí ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

A gbìyànjú fóònù. Ọmọ Ìyá Kìṣí kan tó ń ṣe tísà níbẹ̀ gbé e sí wọn létí. Wọ́n gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, wọ́n béèrè ẹni tó jẹ́, wọ́n sì dá fóònù padà fún ọmọ wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Èmi ní mo máa lọ pè wọ́n wá.

"Ìwọ àti ta ni?"

"Èmi nìkan."

"Ṣé orí ẹ pé? Àbí o rò pé Ìyànà Ìbà sí Ijanikin lò ń lọ ni?"

Mo fi í rẹ́rìn-ín. Mo ti wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé ìwé fún ọdún mẹ́fà nígbà náà, láti Ìbà Housing Estate dé Okokomaiko àti padà, n kò sì gbá ẹnikẹ́ni rí. Ojú ẹni tó ti wa ọkọ̀ káàkiri ayé ni mo fi ń wo ara mi. Nígbà tí mo gbé mọ́tò mi kékeré dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì mi, ó fọwọ́ tẹ rọ́bà tó ń gbé omi lọ sínú rédíétọ̀, ó mi orí. "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ rọ́bà yìí o. Ó ti gbó." Mo ní kó jẹ́ kí n lọ kí n bọ̀ ná. Mo gbà lọ́kàn ara mi pé ẹni tó ń wa mọ́tò mọ̀ ọ́n ju ẹni tó ń tún un ṣe lọ. N kì í ṣe ọmọdé mọ́ nígbà náà, nítorí náà n kò rí ẹni tí n óò di ẹ̀bi yẹn rù.

Mo kúrò nílé ní ìdájí. Mo gba Ìgàndò jáde, mo la Abẹ́òkúta kọjá, oòrùn kò sì tíì ga tán tí mo fi dé Ìsẹ́yìn. Títí dé Ṣakí, inú mi ń dùn, mo ń kọrin. Àwọn àgbà ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, mo sì ń wò ó pé èmi ti di arìnjìnnà. Àfi ìgbà tí mo kọjá Ìgbòho ni ọ̀nà wá yí padà mọ́ mi lójú. Ọ̀dàn ni gbogbo rẹ̀, lọ́tùn-ún lósì. Koríko gbígbẹ ga ju mọ́tò lọ, igi èmì dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, òkìtì ọ̀gán pupa yọ orí láàárín wọn, eruku ọyẹ́ sì bo ibi tí ojú ọ̀run yẹ kó wà. Rédíò dákẹ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. Nínú gbogbo ọdún tí mo fi wa ọkọ̀ ní Èkó, n kò gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì mi rí láìsí ti ẹlòmíràn mọ́ ọn. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ lóun nìkan, ohùn náà kò sì dùn létí mi. Kò pẹ́ tí èéfín fi ń rú jáde níwájú.

Rọ́bà náà ti ya. Omi tí mo ń mu ti tán ní Ṣakí, n kò sì gbé òmíràn dání. Mo jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, gbogbo ìtàn ajínigbé tí mo ti gbọ́ ní Ìyànà Ìbà sì ń wá sí mi lọ́kàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kadà méjì kọjá, wọn kò dúró. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rù tèmi ba àwọn náà. Mo rò ó pé màmá mi lè kú lọ́jọ́ yẹn, kí n má sì sí lọ́dọ̀ wọn, kí n má sì tíì dé ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n rán mi sí. Ẹ̀rù bà mí. N kò ní orúkọ mìíràn tí mo lè pè é.

Ó tó bíi wákàtí kan kí obìnrin Fúlàní kan tó ti inú koríko yọ, ó ru ẹrù igi, ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi lọ́wọ́. Wọ́n ju màmá mi lọ díẹ̀ lójú. Mo sáré pàdé wọn, mo gbóhùn sókè bí ẹni tó ń bá adití sọ̀rọ̀, mo ń fọwọ́ ṣàpèjúwe: "Omi! Mọ́tò! Gbóná!"

Wọ́n dúró títí mo fi ṣe é tán. "Ẹ kú ìrìn o," ni wọ́n wí. "Ṣé ẹ ti jẹ́ kí ó tutù? Bí ẹ bá da omi tútù sórí irin tó gbóná báyìí, ẹ ó ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ ni."

Yorùbá wọn já gaara ju tèmi tí mo fi gẹ̀ẹ́sì lú lọ. Agbègbè náà ni wọ́n bí wọn sí. Wọ́n tú ọ̀já rọ́bà túúbù tí wọ́n fi di ẹrù igi wọn, a fi wé ojú ibi tó ya ní ìgbà púpọ̀, a sì dúró kí irin tutù. Bí a ti ń dúró ni mo rò ó fún wọn, ibi tí mo ń lọ àti ìdí rẹ̀.

"Bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́," ni wọ́n wí. "Bí ẹ bá dé ọ̀hún, ẹ má ṣe ro ẹjọ́. Ẹ kọ́kọ́ kúnlẹ̀ ná."

Mo fún wọn ní búrẹ́dì tí mo rà ní Abẹ́òkúta, wọ́n sì rọ omi kún rédíétọ̀ fún mi. Mo rọra wa ọkọ̀ débi pé kẹ̀kẹ́ lè kọjá lára mi.

Àwọn ará ìlú ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun alásárì tán nígbà tí mo dé Kìṣí, wọ́n sì júwe ilé ìyá tísà fún mi. Ìyá Kìṣí jókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń po òrí nínú igbá. Ojú màmá mi ni mo rí, ṣùgbọ́n tí kò wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo kúnlẹ̀.

"Ta nìyí?"

"Èkó ni mo ti wá, mà. Láti Ìbà."

Ọwọ́ wọn dúró nínú igbá. "Ta ló rán ẹ?"

"Àbúrò yín ni, mà. Wọn ò lè dìde. Ẹ̀yin ni wọ́n ń pè."

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í po òrí. "Nígbà tí ìyá wa kú, mo wo ojú ọ̀nà títí di ọjọ́ kẹjọ. Ibi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, èmi nìkan ni mo jókòó bí ẹni tí kò lọ́mọ ìyá."

"Èmi ni wọ́n ń bí lọ́wọ́, mà."

"Kò sí ẹni tí kì í ní àwáwí." Wọn kò gbójú sókè. "Kí lorúkọ ẹ?"

Ó kù díẹ̀ kí n dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì tí gbogbo Ìbà fi ń pè mí. "Yétúndé, mà."

Wọ́n gbé igbá náà sílẹ̀. "Ọjọ́ wo ni wọ́n sọ ẹ́ lórúkọ?"

"Ọjọ́ kẹjọ ìyá àgbà náà ni, mà. Ní Okokomaiko."

Wọ́n dìde, wọ́n sún mọ́ mi, wọ́n fi ọwọ́ tí òrí wà lára rẹ̀ di àgbọ̀n mi mú, wọ́n yí ojú mi sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n sì ń wò mí títí orúnkún fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. "Ó sọ ẹ́ ní Yétúndé," ni wọ́n wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, "mo sì tilẹ̀kùn." Wọn kò sunkún. Wọ́n ní kí n lọ wẹ eruku ara mi, kí n jẹun, pé tí ilẹ̀ bá ti mọ́ a ó máa lọ.

Ọmọ wọn bá mi wá ẹni tó fi rọ́bà tuntun sí mọ́tò, a sì jáde láàárọ̀. Jálẹ̀ ọ̀nà, tẹ̀sùbáà wọn ni Ìyá Kìṣí ń kà. Nígbà tí a dé Ìgàndò tí èrò bolẹ̀ bí eéṣú, wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Gbogbo àwọn wọ̀nyí, níbo ni wọ́n ń lọ?"

Bí màmá mi ti rí wọn lẹ́nu ọ̀nà yàrá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́ wọ́ ara wọn kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n fẹ́ kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n wọn.

"Dúró síbẹ̀! Ta ló ní kí o kúnlẹ̀?"

Màmá mi kò gbọ́. Wọ́n yọ̀ bọ́ sílẹ̀, orúnkún kan ló gúnlẹ̀, èkejì kò ṣeé ká. Nígbà náà ni Ìyá Kìṣí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì wọ́n, wọ́n gbé orí màmá mi lé itan. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi dúró bí ẹni tó ṣìlé wọ̀. A ń retí kí wọ́n dá ọ̀rọ̀ ìsìnkú sílẹ̀, wọn kò dá a sílẹ̀. Ohun tí màmá mi fi ẹnu wíwọ́ yẹn béèrè ni pé, "Ṣé ẹ ti jẹun?"

Ìyá Kìṣí kò padà sílé títí màmá mi fi kú ní oṣù kẹrin. Láti ìgbà náà, mo ti fi ọkọ̀ rin ọ̀nà tó jìn ju ìyẹn lọ, n kò sì fọ́nnu mọ́. Ohun tó máa ń padà wá sí mi lọ́kàn jù ni ìgbà èwe mi, tí màmá mi máa ń mú mi gba ibùdókọ̀ Ìyànà Ìbà kọjá lọ́jọ́ ọjà. Mo máa ń gbọ́ tí àwọn agbèrò ń pe Ìsẹ́yìn, Ṣakí, Ìgbòho, Kìṣí. Bí wọ́n bá ti ń pe ti ìkẹyìn yẹn, màmá mi á fún ọwọ́ mi mú pinpin, wọ́n á sì yára ẹsẹ̀. Mo máa ń rò pé wọ́n ń kánjú ni.