Àlejò Tó Gba Odò Lọ́wọ́ Onílé

Òórùn iléeṣẹ́ epo ní Pasadena ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Ó máa ń bá aṣọ iṣẹ́ ọkọ mi wọlé, á sì bá mi nídìí tábìlì tí mo ti ń kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé mi ní yunifásítì kan ní Houston, láàárín àwọn ọdún 1980. Ìgbésí ayé oníṣòwò ará Gẹ̀ẹ́sì kan ni mo ń kọ. Epo pupa ló wá rà létí odò ìlú wa láyé àwọn bàbá ńlá wa. Nígbà tó lówó tán, ó padà sílé, ó wọlé ìbò sí ilé aṣòfin, wọ́n sì fi í joyè, ó di Lọ́ọ̀dù. Nínú gbogbo lẹ́tà rẹ̀ tí mo kà, kò síbi tó ti sọ bí èbúté odò wa ṣe di tirẹ̀.

Èmi mọ̀ ọ́n. Oríkì agbo ilé bàbá mi ló sọ ọ́. Láràárọ̀ tí mo bá kúnlẹ̀ kí ìyá bàbá mi, bí wọ́n ṣe máa ń kì mí nìyí: "Ọmọ olódò tó gba òyìnbó lálejò, àlejò gba odò lọ́wọ́ onílé." Ìlà yìí ni mo fi ṣe òpó ìwé mi. Mo gbọ́n lójú ara mi nígbà náà. Mo rò pé ẹni tó bá ti tú àṣírí olè kan, kò tún sí olè tó lè rí òun mú.

Ẹ̀gbọ́n kan wà, ará ìlú wa, ọ̀mọ̀wé tó ń kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ẹ má bínú pé mi ò pè é ní "wọ́n". Mo ti pè é bẹ́ẹ̀ tó. Ilé rẹ̀ ní Pearland la kọ́kọ́ wọ̀ sí nígbà tí a dé Amẹ́ríkà, fún oṣù mẹ́rin gbáko. Nígbà tó wá ní kí n gbé iṣẹ́ mi wá kí òun bá mi yẹ̀ ẹ́ wò, ta ni mí tí n ó fi béèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe? Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ó kà á, ó ní oríkì kì í ṣe ẹ̀rí, kí n yọ ọ́ kúrò.

Lọ́sàn-án Sátidé kan lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n pe gbogbo wa sí gbọ̀ngàn ìjọ wa pé ẹ̀gbọ́n gbé ìwé jáde. Oníṣòwò mi ló kọ ìwé lé lórí. Ó dìde, ó gbóhùn sókè, ó ní bí ìyá ìyá òun ṣe máa ń ki òun nìyí, ló bá ki oríkì ilé bàbá mi délẹ̀. Orí mi wú, bí orí ọmọ ṣe ń wú tí wọ́n bá kì í. Mo dìde.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, agbo ilé wo ni wọ́n ti ń ki oríkì yẹn?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ wo àbúrò mi. Mo ní kó bá mi tẹ̀wé díẹ̀, ó ti fẹ́ gba oyè mọ́ mi lọ́wọ́."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Àwọn ará ìlú wa méjì tó mọ òtítọ́ wolẹ̀. Ọkọ mi fà mí láṣọ: "Jókòó. Ẹni tó gbà wá sílé ni."

Àwọn àgbà ìjọ ní mo rí ẹ̀gbọ́n fín. Wọ́n tún pòwe lé mi lórí pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Èmi ni wọ́n ń pè lọ́lọ́ṣà. Lọ́jọ́ Sunday kejì, ọkọ mi fi mọ́tò gbé mi lọ sí Pearland, mo kúnlẹ̀, mo bẹ olè kó má bínú pé ó jí mi lẹ́rù. Òyìnbó yẹn tiẹ̀ sàn; kò ní kí onílé wá kúnlẹ̀ fún òun.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní yunifásítì ní ohun tí mo ń kọ ti wà nínú ìwé ẹlòmíràn, pé bí mo bá gbé e wá, èmi ni wọn yóò sọ pé mo jí i kọ. Bí oyè mi ṣe lọ nìyẹn. Iléewé jẹ́lé-ó-sinmi ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo ń nu imú ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ̀gbọ́n kú lọ́dún tó kọjá. Ọmọbìnrin rẹ̀ pè mí, ohùn rẹ̀ tutù: "Auntie, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kọ ojú ìwé kan nípa Daddy sínú ìwé ìsìnkú." Ọkọ mi ti lọ, àwọn méjì tó wolẹ̀ lọ́jọ́ yẹn náà ti lọ, kò ku ẹlòmíràn tó lè sọ ọ́. Mo ti máa ń rò pé bí ara bá ti rẹni, ìbínú náà á rọlẹ̀. Tèmi ò rọlẹ̀. Mo jókòó, mo kọ gbogbo èyí, mo fi ránṣẹ́ sí wọn.

Wọn kò tẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń kà á níbí.