Àtàǹpàkò Tíṣà

Ká ní ẹ rí Dúrótìmí láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ ò ní mọ̀ pé tíṣà ni. Ẹ̀wù oko ló wọ̀, ó mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹrẹ̀ ra ẹsẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń gbé sátífíkéètì rẹ̀ kiri láti Kabba dé Lọ́kọ́ja, àmọ́ ẹni tó lẹ́nìkan lókè ni wọ́n ń gbà síṣẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ àdáni tó ti ń kọ́ni tẹ́lẹ̀ ti kógbá sílé, Hephzibah ìyàwó rẹ̀ sì tún ti lóyún.

Iléeṣẹ́ kan tó ń fọ́ òkúta lẹ́yìn ìlú ló fẹ́ gba lébìrà mẹ́wàá. A lé lọ́gọ́rin tó tò síwájú géètì. Akọ̀wé wọn ti pariwo pé, “A ò fẹ́ ẹni tó kàwé o! Wàhálà ni wọ́n ń kó bá wa.” Aládùúgbò ni èmi àti Dúrótìmí ní Iyah-Gbede, ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni mo sì tò sí. Ó kí mi ní, “Okun o, ẹ̀gbọ́n,” mo dá a lóhùn, n ò pè é ní tíṣà.

Nígbà tó kàn án, akọ̀wé na ìwé sí i. “O lè kà á?”

“Rárá, ọ̀gá.”

Irọ́ yẹn dùn mí wọra. Akọ̀wé wá ní ohun tó wà nínú ìwé ni pé iléeṣẹ́ á tọ́jú ẹni tó bá fara pa. Ó dára, nítorí òkúta ibẹ̀ ló fọ́ Isaiah ará Iffe lójú lọ́dún tó kọjá, wọn ò sì fún un ní kọ́bọ̀.

Àmọ́ mo rí i tí ojú Dúrótìmí ń tẹ̀ lé ìlà ìwé náà. Mo fi ìgúnpá gún un lẹ́yìn: gbójú kúrò ńbẹ̀, ọmọ yìí! Ó ti àtàǹpàkò bọ tàdáwà, ó tẹ̀ ẹ́. Òun ni ìkẹsàn-án. Àyè ẹyọ kan ló kù, èmi ló sì kàn.

Mo na ọwọ́. Dúrótìmí ò kúrò níbẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tẹ̀ ẹ́!”

Ó já ìwé náà gbà, ó kà á sókè bí ẹni tó wà níwájú kíláàsì: ẹni tó bá fara pa, kó tọ́jú ara rẹ̀, ẹni tó bá kú, ẹbí rẹ̀ ò gbọdọ̀ béèrè ohunkóhun.

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín, ó ya fọ́ọ̀mù tí Dúrótìmí ti tẹ̀ sí méjì. “Tíṣà, máa lọ sílé. Ta ló fẹ́ ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀yin yòókù?”

Mo rò pé a ó jọ yí ẹ̀yìn padà ni. Kò sẹ́ni tó mira. Dúrótìmí ń wò mí. Wọ́n ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, àmọ́ n ò ní fi òwe bo ara mi láṣìírí: ojú tì mí. Inú tún ń bí mi sí i, torí kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀.

Mo tẹ ìka sí ìwé náà níṣojú rẹ̀. Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn mi ò tilẹ̀ jẹ́ kí n nu ìka tán tó fi na ọwọ́ tirẹ̀ fún àyè Dúrótìmí.