Bí A Ṣe Kí Bàbá Àgbà Létí Òkun

Bí mo bá ń fi òrí pa orúnkún ọmọ mi nígbà ọyẹ́, òórùn òrí yẹn máa ń gbé mi padà sí etí òkun kan tí ẹnikẹ́ni kì í lọ ṣeré.

Sátidé ni. Èmi àti Dádì wọ mọ́tò láti Ìbàfò, ká tó wá wọ ọkọ̀ ojú omi. Ọyẹ́ ti la ètè mi, àwọn igi àgbọn sì ti wó sínú ìgbì. Ògiri kan ṣoṣo ló dá dúró nínú omi.

Dádì nawọ́ sí i. "Ilé bàbá mi nìyẹn. Kúnlẹ̀, kí wọn."

Òun fúnra rẹ̀ ò dọ̀bálẹ̀. Mo wò títí, mi ò rí ẹnì kankan, àmọ́ mo kúnlẹ̀ sórí iyanrìn. "Ẹ káàsán, Bàbá àgbà."

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé inú yàrá ilé yẹn ni wọ́n sin wọ́n sí, kí òkun tó gbé e lọ.

Ìgbì kan sáré wá, ó bo orúnkún mi, ó sì padà. Mo bú sẹ́rìn-ín. "Dádì, wọ́n ti dá mi lóhùn!"

Dádì bọ́ bàtà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.