Fúlóòtù Tí Ọkọ Mi Mì Létí

Àkànjí Ògúnrìndé, ọkọ mi, kì í fi ojú tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Etí ló fi ń tún un ṣe. Bí wọ́n bá gbé e dé ìsọ̀ rẹ̀ ní àdúgbò Kpakungu ní Minna, á ní kí wọ́n tàn án, á dẹtí sí i díẹ̀, á sì sọ ohun tó ń ṣe é. Iṣẹ́ rélùwéè ló gbé bàbá rẹ̀ dé Minna. Ariwo ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà, ariwo jẹnẹrétọ̀ lòun náà fi ń bọ́ wa.

Nílé ńkọ́? Mo lè pè é títí ọ̀fun mi á fi gbẹ, kò ní dáhùn. Mo jà, mo sọ̀kò ọ̀rọ̀. Mo ní ìgbéraga ni, mo tún ní ó ti rí obìnrin mìíràn ni. Nígbà tó yá ó rẹ̀ mí, mo bá panu mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo gbé oúnjẹ lọ fún un, mo bá Túnráyọ̀ onídìrí lórí bẹ́ǹṣì, ó fọwọ́ lẹ́rán. Jẹnẹrétọ̀ kékeré rẹ̀ ń da epo sílẹ̀ lára kábúrétọ̀, ó sì ti ń gbé e wá, ó ń gbé e lọ, títí ó fi sú u. Àkànjí ti fọ kábúrétọ̀ náà, ó ti pààrọ̀ abẹ́rẹ́ tó ń dí ojú epo, síbẹ̀ epo kò yé dà.

"Bàbá, bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n ṣe mọ́, ẹ sọ fún mi kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì ní Limawa," ni Túnráyọ̀ wí. "Wallahi, àwọn oníbàárà mi ti ń lọ."

"Kí lo wí?" ọkọ mi bi í.

Túnráyọ̀ pòṣé. Ó dùn mí wọra. Bí irú ọ̀rọ̀ yẹn bá tàn ká Kpakungu, kí la fẹ́ máa jẹ?

Àkànjí tún tú kábúrétọ̀ náà. Ó yọ fúlóòtù inú rẹ̀, ike kékeré tó máa ń léfòó lórí epo, tó ń ti abẹ́rẹ́ sókè kí epo má baà kún jù. Bí ike yìí bá lu, epo á wọnú rẹ̀, kò ní léfòó mọ́. Ẹni tó bá mì ín á gbọ́ epo náà nínú rẹ̀. Àkànjí mì ín létí ọ̀tún, ó mì ín létí òsì.

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀," ó ní. "Àtàárọ̀ ni mo ti ń mì ín. Fúlóòtù kọ́."

Èmi tí mo dúró lẹ́yìn rẹ̀ ń gbọ́ epo nínú ike náà kedere. Túnráyọ̀ náà gbọ́, ó wo ojú mi. Gbogbo ìjà tí mo ti jà nílé padà wá bá mi níbẹ̀.

N kò lè sọ ọ́ lójú oníbàárà. Mo ṣí fúláàsì tí mo fi gbé omi tíì rẹ̀ wá, mo da omi gbígbóná sínú abọ́, mo gba fúlóòtù náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ bọ inú omi. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í hó wótòwótò. Ó ti lu.

Ọkọ mi wò ó pẹ́. Ó yọ ọ́, ó nù ún, ó tún mì ín létí, jẹ́jẹ́. Ó wá nà án sí mi.

"Ìyá Kíkí, ṣé ó ń dún?"

Mo mì ín. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ó mú fúlóòtù tuntun, ó fi sí i, ó dè é, ó fa okùn. Jẹnẹrétọ̀ dáhùn, epo kò dà mọ́. Ó fọwọ́ lé e lára, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́tí sí i. Túnráyọ̀ dúpẹ́, ó ní, "Na gode, Bàbá," ó gbé ẹrù rẹ̀ sínú kẹ̀kẹ́, ó lọ.

Àkànjí jókòó. Kò ṣí àwo oúnjẹ.

"Ṣé o máa ń pè mí nílé?"

Mo fẹnu kan etí rẹ̀. "Mo máa ń pè yín. Ó ti pẹ́."

Ó mí kanlẹ̀.

"Èmi rò pé ò ń bá mi yodì ni."